Pípa ẹyin gúùsì nílé àti bíbọ́ ọmọ rẹ̀ títí yóò fi dàgbà

Ẹyin gúùsì, ẹyẹ omi tó jọ pẹ́pẹ́yẹ àmọ́ tó tóbi jù ú lọ, kì í ṣe ẹyin adìyẹ tó kàn tóbi. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á kó o sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìyẹ, wọ́n á rọ omi kún àwo inú ẹ̀rọ náà, wọ́n á sì máa ka ọjọ́. Ọjọ́ á pé, ẹyin ò ní ṣí. Bí wọ́n bá wá fọ́ ọ, ọmọ tó ti pé pérépéré ni wọ́n á bá nínú rẹ̀, omi yí i ká, ó ti kú. Èyí tó bá ráyè jáde náà ò tíì bọ́: fíìdì adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran ni wọ́n á máa dà fún un, kó tó pé oṣù méjì, apá rẹ̀ ti yí síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́.

Ẹyẹ tó ń jẹ koríko bíi màlúù ni gúùsì. Ẹyin rẹ̀ tóbi, èèpo rẹ̀ nípọn, omi inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dín kù dé ìwọ̀n kan kí ọmọ tó lè rí afẹ́fẹ́ mí. Bí ẹ bá ti fi méjèèjì yìí sọ́kàn, ohun tó kù ò le.

Ẹyin wo ló yẹ ká pa?

Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé kì í fi bẹ́ẹ̀ fúnni lọ́mọ. Ẹyin rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í sì í ní ọlẹ̀. Láti ọdún kejì tó ti ń yé ni kẹ́ ẹ ti máa retí ohun gidi. Ní ti akọ, ọ̀kan tó fún abo méjì sí mẹ́rin nínú àwọn irú tó wúwo, bíi Toulouse àti Embden. Nínú irú ti Ṣáínà tó fúyẹ́, akọ kan lè kápá abo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ má sì dúró di ìgbà tí wọ́n fẹ́ yé kẹ́ ẹ tó kó wọn pọ̀. Gúùsì a máa yan ẹnì kejì rẹ̀, kì í sì í tètè gba àlejò mọ́ra, torí náà kí akọ àti abo ti wà pa pọ̀ fún oṣù kan ó kéré tán. Àwọn irú tó wúwo tún máa ń rí ara wọn gùn dáadáa tí wọ́n bá ní omi tí wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ abo máa ń yé lónìí, kó fo ọ̀la, kó tún yé lọ́tùn-únla, àárọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ kó ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí tí ẹ máa pa, kó wúwo tó nǹkan bíi 140 sí 200 gíráàmù, kó rí bí ẹyin ṣe ń rí, kí èèpo rẹ̀ má sì ní ẹ̀là. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di pé ẹ gbé e pa mọ́, torí ẹ̀là tín-ín-rín kì í hàn sójú lásán. Èyí tó gùn gbọọrọ, èyí tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, àti èyí tó tóbi kọjá bó ṣe yẹ (pupa méjì ló sábà máa ń wà nínú ìyẹn), ẹ jẹ wọ́n.

Tí ẹyin bá dọ̀tí díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ rọra ha á. Ẹ má fi omi tútù fọ̀ ọ́ láéláé. Bí ẹyin bá tutù lójijì, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sún kì, á sì fa ìdọ̀tí wọlé láti inú àwọn ihò tín-ín-tín ara èèpo. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, kí omi náà gbóná ju ẹyin lọ, nǹkan bíi 40°C, ẹ tètè fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e síbì kan. Ẹyin tí ìgbẹ́ bò pátápátá ò yẹ kó wọ inú ẹ̀rọ rárá: ó lè jẹrà lọ́sẹ̀ kẹta, kó bú gbàù, kó sì kó àrùn bá gbogbo ìyókù.

Ibi tó tutù díẹ̀ lẹ máa kó ẹyin jọ sí, láàárín 13 sí 16°C, tí ọ̀rinrin wà níbẹ̀ dáadáa. Fíríìjì ti tutù jù. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ọjọ́ 7 ni kẹ́ ẹ fi mọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ ni ìrètí ń dín kù, lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹyin tó bá rin ìrìn-àjò nínú ọkọ̀, ẹ fi ṣónṣó rẹ̀ sísàlẹ̀, kó sinmi fún wákàtí 12 sí 24 kẹ́ ẹ tó kó o sínú ooru, kí àyè afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè padà dúró sójú kan.

Tó bá jẹ́ pé abo ló fẹ́ sàba

Kò sí ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ yìí tó o. Bó bá ti ń fa ìhùùhù àyà rẹ̀ tu, tó ń tẹ́ ẹ sínú ìtẹ́, tó sì ń yọ ọrùn gbọọrọ sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ó ti ṣe tán. Ẹ fún un ní ibi tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóòró, tí òjò àti oòrùn ò lè bá a, kẹ́ ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i. Ẹyin 9 sí 12 ló lè bò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí abo méjì dàpọ̀ sínú ìtẹ́ kan, ìjà wọn á fọ́ ẹyin.

Yóò máa dìde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, á fi ìhùùhù bo ẹyin, á lọ jẹun, á wẹ̀, á sì padà wá pẹ̀lú omi lára. Ẹ má dí i lọ́wọ́. Kí àgbàdo tàbí àlìkámà àti omi wà nítòsí ibẹ̀, kó má ṣe wà lẹ́nu ìtẹ́ gan-an, kó bàa lè máa dìde. Akọ á máa ṣọ́ ọ, á sì ṣán ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Ìyẹn kì í ṣe ìwà burúkú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹyin náà sábẹ́ ẹyẹ mìíràn, pẹ́pẹ́yẹ Muscovy ló dára jù. Ọjọ́ 35 ni tirẹ̀ máa ń gbà, torí náà nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ò ní sú u. Ó lè bo 6 sí 8. Adìyẹ ò lè ju 4 tàbí 5 lọ, kò sì lágbára láti yí ẹyin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀: ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yí i fún un lójoojúmọ́. Ọjọ́ 21 sì ni ara adìyẹ mọ̀. Ẹ yan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fi ẹyin sílẹ̀ kó tó pa.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ

Ẹ tan ẹ̀rọ náà fún wákàtí 24 ó kéré tán kí ẹyin tó wọ ibẹ̀. Ẹ yẹ tẹmómítà rẹ̀ wò: nínú omi tó kún fún yìnyín wẹ́wẹ́, 0°C ló yẹ kó sọ, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí òun àti tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà sọ ohun kan náà. Bí tẹmómítà bá fi ìwọ̀n 1°C péré ṣìnà fún oṣù kan gbáko, ó tó láti pa gbogbo ẹyin inú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tó ní fáànù, 37.5°C. Èyí tí kò ní fáànù, 38.3°C, ṣùgbọ́n kí orí tẹmómítà wà ní ìbámu pẹ̀lú òkè ẹyin, torí ooru òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í dọ́gba nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn irú tó fúyẹ́ máa ń gba ọjọ́ 28 sí 30, àwọn tó wúwo ń gba 30 sí 32, ẹ sì lè rí èyí tó máa lọ dé 34.

Ẹ fi ẹyin fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa àmì X sí ẹ̀gbẹ́ kan, O sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kẹ́ ẹ máa yí i láti X sí O ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì ló dára, kí ẹ̀gbẹ́ tó sùn mọ́jú lónìí má baà jẹ́ òun náà ló máa sùn mọ́jú lọ́la. Bí ẹ bá yí i sọ́tùn-ún nísinsìnyí, kẹ́ ẹ yí i sósì nígbà tó ń bọ̀. Àwo tó ń yí ẹyin fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ẹyin adìyẹ, kàn ń fì í sọ́tùn-ún fì í sósì ni. Ìyẹn ò tó fún ẹyin gúùsì. Ẹ fi ọwọ́ kún un.

Ọ̀rinrin ló kàn, òun ló sì ń pa ọmọ jù. 50 sí 55% ni wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ òṣùwọ̀n ọ̀rinrin a máa purọ́, òṣùwọ̀n ìwúwo kì í purọ́. Ẹ wọn ẹyin kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó wọ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì kọ iye rẹ̀ sára èèpo. Kó tó di ọjọ́ 27, ó yẹ kí ìwúwo yẹn ti fi 13 sí 15% dín kù. Ká ní ẹyin kan jẹ́ 160 gíráàmù. 14% rẹ̀ jẹ́ 22.4 gíráàmù, tí ẹ bá pín in sí ọjọ́ 27, ó ń lọ sí nǹkan bíi 0.83 gíráàmù lójúmọ́. Lọ́jọ́ 7, kó wà ní nǹkan bíi 154. Lọ́jọ́ 14, 148. Lọ́jọ́ 21, 143. Lọ́jọ́ 27, 137 sí 138.

Tó bá jẹ́ 157 lẹ bá lọ́jọ́ 7, omi ò tètè jáde lára rẹ̀, ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ ti pọ̀ jù: ẹ yọ àwo omi kan kúrò, kẹ́ ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ 151, ó ń gbẹ jù: ẹ fi àwo mìíràn kún un. Bí ojú omi bá ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀rinrin ṣe ń pọ̀ tó; kí omi jìn ò yí nǹkan kan padà, torí náà àwo pẹlẹbẹ tó fẹ̀ sàn ju ife tó ga lọ. Kì í ṣe ẹyin kan ṣoṣo lẹ máa wò ṣèdájọ́. Ẹ ṣírò gbogbo wọn pọ̀, torí èèpo òmíràn nípọn ju ti òmíràn lọ.

Láti ọjọ́ 7, ẹ máa ṣí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kí ẹyin lè tutù díẹ̀, bí ìyá wọn ṣe ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ jẹun. Ìṣẹ́jú 10 tó lọ́sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ìṣẹ́jú 15 sí 20, torí ọlẹ̀ ti ń dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ gbé ẹyin kan ìpénpéjú yín. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ní gbígbóná tàbí ní tútù, ó ti tó. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́n wọn fẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ẹ̀rọ padà. Àwọn kan wà tí kì í ṣe èyí, tí wọ́n sì ń rí ọmọ pa. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ kékeré nílé, tí ooru rẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ nígbà míì, á rí àǹfààní rẹ̀.

Lọ́jọ́ 9 tàbí 10, ẹ lọ sínú òkùnkùn, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí orí ẹyin níbi tó tẹ́jú. Èyí tó wà láàyè á ní ojú kan dúdú, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó yà káàkiri láti ara rẹ̀. Èyí tó mọ́ gaara kò ní ọlẹ̀ rí. Èyí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀ tó dá dúró láìsí iṣan kankan, ọlẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ẹ kó o jáde. Ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ 18 àti lọ́jọ́ tí ẹ máa dẹ́kun yíyí. Èyí tó bá ń rùn, tàbí tó ń sun omi jáde lára, kó jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ sì rọra gbé e.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ẹ̀rọ. Ẹ dí i, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kẹ́ ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹyin tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè fara da wákàtí bíi mélòó kan, torí wọ́n ń mú ara wọn lọ́wọ́ọ́wọ́. Ooru àpọ̀jù ló léwu fún wọn ju òtútù lọ.

Ìgbà tí ọmọ ń jáde

Lọ́jọ́ 27 fún àwọn tó fúyẹ́, ọjọ́ 28 fún àwọn tó wúwo, ẹ dẹ́kun yíyí àti títutù. Ẹ gbé ọ̀rinrin lọ sí 75 sí 80%, kẹ́ ẹ dín ooru kù sí 37.2°C. Ẹ tẹ́ aṣọ tó le tàbí rọ́bà oníhò sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọmọ má máa yọ̀. Kí ihò afẹ́fẹ́ ṣí, nítorí àsìkò yìí ni wọ́n ń mí jù.

Ọmọ á kọ́kọ́ da awọ tó wà láàárín òun àti àyè afẹ́fẹ́ lu, ẹ ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń ké tó sì ń kan nǹkan nínú. Ó lè tó wákàtí 24 kó tó dá èèpo lu. Lẹ́yìn tó bá ti dá a lu, wákàtí 24 sí 48 ló sábà máa ń gbà kó tó jáde, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkókò yẹn gan-an ni ẹni tó ń pa ẹyin kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó sùn. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan awọ ẹyin ń padà sí ara rẹ̀, ìyókù pupa ẹyin sì ń wọ inú ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ èèpo kó tó parí, ẹ̀jẹ̀ á dà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ, ọ̀rinrin á sá jáde, awọ inú á gbẹ lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, kò sì ní lè yí mọ́.

Ìgbà wo la lè ràn án lọ́wọ́? Tó bá ti lé ní wákàtí 36 tó ti dá èèpo lu, tí ihò náà ò fẹ̀ sí i, tí awọ etí rẹ̀ sì ti di aláwọ̀ ilẹ̀ tó le bíi bébà. Ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin awọ náà, ẹ ṣẹ́ èèpo kúrò díẹ̀díẹ̀ yí orí tó tẹ́jú náà ká, ibẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, ẹ dúró, ẹ dá a padà, ẹ tún wá wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí orí àti ọrùn bá ti jáde, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ìyókù.

Ohun tí àwọn tó kú ń sọ fún yín wúlò. Bí ọmọ bá sanra, tí omi pọ̀ lára rẹ̀, tí àyè afẹ́fẹ́ sì kéré, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rù, tó lẹ̀ mọ́ awọ, ó ti gbẹ jù, tàbí ẹ ti ń ṣí ẹ̀rọ nígbà tó ń jáde. Bí wọ́n bá tètè jáde ṣáájú ọjọ́, tí ìdodo wọn ò sì dí, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ tí ara wọn rọ̀, ooru ò tó. Èyí tí orí rẹ̀ wà ní ṣónṣó ẹyin, ó lè jẹ́ pé ẹ fi ṣónṣó ẹyin sókè, tàbí pé ẹ ò yí i tó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Kí ọmọ gbẹ nínú ẹ̀rọ títí ìhùùhù rẹ̀ á fi dìde, ó lè tó wákàtí 12 sí 24. Pupa ẹyin tó wọ ikùn rẹ̀ á bọ́ ọ fún ọjọ́ méjì, ẹ má kánjú nítorí oúnjẹ. Omi ló ṣáájú. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ ọ́n.

Inú àpótí tàbí igun yàrá tí ẹ fi gílóòbù olóoru sí, kí ó wà ní nǹkan bíi 32°C lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi 3°C dín in kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó ju tẹmómítà lọ. Bí wọ́n bá gorí ara wọn tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí gílóòbù tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri tí wọ́n ń sùn, ó dára. Ọmọ mẹ́wàá ń fẹ́ àyè mítà kan níbùú àti lóòró lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, torí wọ́n ń dàgbà kíákíá. Ẹ má tọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Gúùsì tó dá wà kì í jẹun dáadáa, ẹni tó kọ́kọ́ rí ló sì máa ń tẹ̀ lé, ìyẹn á wá di wàhálà fún ẹ̀yin náà.

Ìwé ìròyìn ò dára ní ilẹ̀ wọn, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ á ya sọ́tùn-ún sósì. Ẹ tẹ́ aṣọ tí kì í yọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà èérún pákó gbígbẹ tó nípọn tó 7 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n máa ń da omi pọ̀ gan-an, torí náà ẹ gbé ife omi lé orí wáyà oníhò tí àwo wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa kó ibi tó tutù kúrò lójoojúmọ́. Èérún tó hu èbu ń kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró bá ọmọ.

Kí omi jìn tó kí wọ́n lè ri gbogbo ẹnu àti ihò imú bọ̀ ọ́. Gúùsì tí kò rí omi fọ imú, ihò imú rẹ̀ á dí, ojú rẹ̀ á wú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kó òkúta sínú rẹ̀ kí wọ́n má baà bọ́ sí i kí wọ́n kú. Kí omi máa wà níbi tí oúnjẹ bá ti wà, nígbà gbogbo, torí oúnjẹ gbígbẹ lè há wọn lọ́fun. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí ẹ̀rọ pa lúwẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú: lára ìyẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń rí ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Èyí tí kò ní ìyá, omi á wọ ìhùùhù rẹ̀, òtútù á mú un. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lójú yín ò burú, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ.

Oúnjẹ ọmọ

Fíìdì tó ní purotéènì 20 sí 22% fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, 15 sí 18% lẹ́yìn náà. Ti pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti gúùsì ló dára jù. Kó jẹ́ hóró wẹ́wẹ́. Èyí tó kúnná lúbúlúbú máa ń lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n á sì fi í ṣòfò sínú omi. Bí ti adìyẹ nìkan lẹ bá rí, ẹ wo ara àpò rẹ̀, kí ó má ní oògùn. Oògùn tí wọ́n pò mọ́ fíìdì adìyẹ, bí adìyẹ ṣe ń jẹun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ọmọ gúùsì sì ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Fíìdì adìyẹ sábà máa ń dín ní fítámì kan, niacin, ìyẹn B3. Ọmọ gúùsì ń fẹ́ tó 55 mílígíráàmù, ó kéré tán, nínú kílò kan oúnjẹ. Bí kò bá tó, orúnkún ẹ̀yìn á wú, ẹsẹ̀ á tẹ̀, ọmọ á máa jókòó ju bó ṣe ń rìn lọ. Ìwúkàrà gbígbẹ tí wọ́n fi ń pọn bíà ni ojútùú tó rọrùn: 50 sí 75 gíráàmù sínú kílò kan. Nínú kílò 5, ìyẹn jẹ́ 250 sí 375 gíráàmù. Ẹ fi omi díẹ̀ rin oúnjẹ náà kó lè mú un, kẹ́ ẹ sì da èyí tó bá ṣẹ́ kù dànù lálẹ́. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ gé koríko tútù tó rọ̀ wẹ́wẹ́ fún wọn, kẹ́ ẹ gbé yanrìn oníhóró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ni iwe wọn fi ń lọ koríko. Láìsí i, koríko á dì sínú. Koríko gígùn tí wọn ò gé náà lè ká sínú ọ̀fun. Tí ilẹ̀ bá gbẹ tí oòrùn sì ń ràn, wọ́n lè jáde díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n òjò ò gbọ́dọ̀ pa wọ́n títí ìyẹ́ gidi á fi bo ẹ̀yìn wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ mú àwo oúnjẹ kúrò lójú kan. Ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí wọ́n fi koríko kún ìyókù. Àsìkò tí ìyẹ́ ńlá apá ń hù nìyí. Bí oúnjẹ alágbára bá pọ̀, ìyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ á wúwo ju ohun tí oríkèé apá lè gbé, ìdajì apá ìsàlẹ̀ á sì yí síta. Ẹ máa wo apá wọn láràárọ̀. Bí ọ̀kan bá ń rọ̀ tàbí tó ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká a bó ṣe yẹ kó ká, ẹ fi báńdéèjì tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dì í, apá nìkan, ẹ má dì í mọ́ ara, ẹ má sì fún un pa. Ẹ tú u lójoojúmọ́ kó na apá, kẹ́ ẹ tún un dì. Ọjọ́ 3 sí 5 sábà máa ń tó. Tí egungun bá ti le, kò ní padà mọ́. Ẹyẹ náà á dàgbà, ojú rẹ̀ ni kò kàn ní fani mọ́ra.

Èyí tó ti dàgbà

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, koríko tó dára lè jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Koríko kúkúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, ni wọ́n fẹ́ràn, pẹ̀lú clover (koríko eléwé mẹ́ta). Èyí tó ti gbó tó sì le, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ pín pápá sí méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ máa kó wọn kiri, kì í ṣe nítorí koríko nìkan, nítorí aràn inú iwe pẹ̀lú. Ẹyin aràn náà wà nínú ìgbẹ́, àwọn ọmọ ló sì ń pa jù. Bí ọmọ bá ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ẹ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ fún dókítà ẹran kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Níbi tí koríko bá wà dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ ọkà nírọ̀lẹ́ tó, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà ilé. Níbi tí koríko bá ti tán, 150 sí 200 gíráàmù fún ẹyẹ kan lójúmọ́: àlìkámà, ọkà báálì, àgbàdo díẹ̀. Àgbàdo nìkan á kó ọ̀rá sí wọn lára, purotéènì rẹ̀ ò sì tó. Ẹ fọwọ́ kan egungun àyà wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá mú ṣóńṣó, oúnjẹ ò tó. Bí ẹ ò bá rí i mú rárá, ó ti pọ̀ jù, abo tó sanra kì í sì í yé dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n tó máa yé, ẹ yí oúnjẹ padà sí èyí tó ní purotéènì 15 sí 16%, kẹ́ ẹ gbé ìkarahun òkun lílọ̀ sínú àwo ọ̀tọ̀ fún kálísíọ̀mù. Kó jẹ́ àwo ọ̀tọ̀, kí akọ má baà fipá jẹ ẹ́. Fíìdì adìyẹ tó ń yé ò yẹ fún ọmọ: kálísíọ̀mù rẹ̀ ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Oúnjẹ tó hu èbu, ẹ má fún wọn, ẹ má sì rò pé ẹ lè ha ojú rẹ̀ kúrò. Májèlé inú rẹ̀ kì í kúrò, ẹ̀yà ẹyẹ omi kì í sì í fara dà á. Píà, ẹ̀wà tútù tí kò jinná, àti koríko tí wọ́n fín oògùn kòkòrò sí, gbogbo wọn lè pa wọ́n. Búrẹ́dì ò ní ohun kan tí wọ́n nílò. Kí ẹ sì máa ṣa ìṣó, wáyà àti okùn kúrò nílẹ̀, torí ohun tó bá ń dán ni wọ́n ń gbé mì.

Nígbà tí yíyé bá tán, ẹ mú oúnjẹ alágbára náà kúrò, kí wọ́n padà sí koríko. Láìpẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìyẹ́ dà, ìyẹ́ ńlá apá á sì re pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lásìkò yẹn, ẹ fi purotéènì díẹ̀ kún oúnjẹ wọn, kẹ́ ẹ má sì di apá wọn mú. Ẹ di ìsàlẹ̀ ọrùn mú jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fi apá kejì gbé ara rẹ̀ mọ́ra, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn.